Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Iṣẹ́ Kóòdínétọ̀ Nínú Ètò Ìwádìí Jẹjẹrẹ Ọyàn

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di kóòdínétọ̀, ìyẹn ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́, nínú ètò ìwádìí jẹjẹrẹ ọyàn tí wọ́n ń pè ní "translational", pàápàá ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, ló ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí léraléra: lórí fóònù, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, nígbà mìíràn níbi ìnáwó tí mo ti ń jẹun. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè jẹun ní àlàáfíà.

Kí ni "translational" yìí túmọ̀ sí gan-an?

Ìwádìí tó ń rìn láti láàbù dé wọ́ọ̀dù, tó sì tún ń padà láti wọ́ọ̀dù wá sí láàbù. Ẹnì kan á rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú ẹran ara. Ẹlòmíràn á fi ohun tí wọ́n rí wá oògùn. Wọ́n á dán an wò lára àwọn aláìsàn tó gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ lára wọn á di ìbéèrè tuntun fún láàbù.

Àpẹẹrẹ tó yé mi jù ni ti BRCA1, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ní 1990 ni Mary-Claire King fi hàn pé jíìnì kan wà lórí kúrómósómù 17 (kúrómósómù ni okùn tó gbé àwọn jíìnì) tó ń mú kí jẹjẹrẹ ọyàn máa jà nínú àwọn ìdílé kan. Ní 1994 ni wọ́n rí jíìnì náà fúnra rẹ̀. Ó di oṣù kìíní 2018 kí àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, tó fọwọ́ sí oògùn olaparib fún irú jẹjẹrẹ ọyàn kan tó ti tàn ká ara, lára àwọn tó jogún àṣìṣe BRCA. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnì kan ló ń tọ́jú túùbù, ẹnì kan ló ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni ìwé yìí dá lé.

Ṣé akọ̀wé dókítà ni kóòdínétọ̀?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà kan kò tíì gbọ́. Kóòdínétọ̀ ló mọ ibi tí ohun gbogbo wà: àṣẹ wo ló fẹ́ẹ́ parí, obìnrin wo ló yẹ kó padà wá lọ́sẹ̀ yìí, túùbù wo ló wà nínú fírísà wo, èló ló kù nínú owó, ìròyìn wo ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fún wa lówó. Dókítà tó jẹ́ olórí ìwádìí, ẹni tí a ń pè ní PI, ló ni ìbéèrè. Kóòdínétọ̀ ló ni ọ̀nà tí a ó tọ̀ dé ìdáhùn.

Nínú àwọn ètò tí iléeṣẹ́ NCI, tó ń bójú tó ìwádìí jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ń pè ní SPORE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ẹ̀ka ìṣàkóso ní bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ owó, bí ẹ̀ka tó ń tọ́jú sáńpù ṣe ní tirẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ la sábà máa ń rántí pé ìṣàkóso wà.

Ṣé dandan ni kí n jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà?

Kì í ṣe dandan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí jù nínú àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ rí, ìmọ̀ ìkówèépamọ́ ló kà ní yunifásítì. Ẹ nílò ìwé ẹ̀rí GCP (ìlànà ṣíṣe ìwádìí ìṣègùn bó ti yẹ) àti ti ìlànà ìwádìí lára ènìyàn, ẹ nílò sùúrù, ẹ sì nílò Yorùbá tó dán mọ́rán. Ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀. Ìwé kan wà tí PI máa ń fi orúkọ oníkálukú àti iṣẹ́ tó lè ṣe sí, kí ẹ rí i pé tiyín wà níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìwé àṣẹ mélòó la gbọ́dọ̀ ní kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni?

Ti ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí kò pa ẹni tó kópa lára, ló ṣáájú. Ní Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ UI/UCH, tó wà lábẹ́ IAMRAT, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ìṣègùn ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn, ni ẹ máa kọ̀wé sí. Bí ìwádìí yín bá dé ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ má rò pé àṣẹ Ìbàdàn á tó wọn níbẹ̀. Ọdún kan ni àṣẹ sábà máa ń lò. Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ìsọdọ̀tun, torí lọ́jọ́ tí àṣẹ bá parí, ẹ kò lè gba ẹni tuntun wọlé mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀la ni ti tuntun ń bọ̀.

Bí oògùn tí wọ́n ń dán wò bá wà nínú rẹ̀, NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Bí owó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wá, ilé ẹ̀kọ́ yín gbọ́dọ̀ ní ìwé tí wọ́n ń pè ní FWA, ìlérí láti dáàbò bo àwọn tó kópa, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ OHRP ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ̀yin ni wọ́n máa pè bó bá lọ sópin.

Ìwé kan tún wà tí òfin kankan kò dárúkọ: lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àti sí mètírọ́ọ̀nù klíníìkì. Ẹni tó bá fo mètírọ́ọ̀nù á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí ló dé tí ìgbìmọ̀ ethics fi ń le tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí Kánò. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ kan. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìwádìí ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda ẹnu. Ẹjọ́ náà gùn títí di 2009 kí wọ́n tó fẹnu kò sí mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin dọ́là pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí ìlera jáde ní 2007. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá dá ìwé yín padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí gbólóhùn kan, ẹ rántí pé ìyọ̀ǹda ẹnu kò ní ẹ̀dà.

Ṣé a lè fún ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé ìyọ̀ǹda kó tú u sí Yorùbá?

Ẹ lè ṣe é, ẹ ó sì kábàámọ̀. Ẹnì kan á tú u sí Yorùbá, ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí á tú Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, a ó wá fi méjèèjì wé ara wọn. Lẹ́yìn náà la ó kà á sétí àwọn ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún ní klíníìkì, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún wa. Ti Yorùbá náà gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ ethics.

Ọ̀rọ̀ náà "ìwádìí" ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọlọ́pàá ló ń ṣe ìwádìí. Ìyá àgbà kan bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n jí?" Bí ẹ bá wá sá fún un tí ẹ lo "àyẹ̀wò", ẹ ti bọ́ sínú kòtò tó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí àyẹ̀wò ni dókítà ń ṣe kó lè mọ oògùn tó máa fúnni. Màmá á lọ sílé, á máa retí èsì tí yóò wò ó sàn. Èmi máa ń lo "ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn", màá wá fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn gbágbáágbá: ẹ gbà o, ẹ kọ̀ o, ìtọ́jú yín kò ní yí padà.

Bí ìwádìí náà bá máa pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́ méjì láìmọ ẹni tí yóò bọ́ sí èwo, ẹni tó bá kọ "tẹ́tẹ́" ti sọ wá di onítẹ́tẹ́. "Ṣíṣẹ́ gègé" ló yé gbogbo èèyàn, wọ́n sì mọ̀ pé ojúsàájú kò sí nínú rẹ̀. Ní ti jíìnì, ẹ sá fún "àrùn ìdílé". Ọ̀rọ̀ yẹn ń tú àdéhùn ìgbéyàwó ká. Àwọn àgbà ṣì ń ṣe ìwádìí ìdílé kí wọ́n tó gba ìyàwó, wọ́n sì ń bi àwọn aládùúgbò. Mo máa ń sọ pé ohun kan wà tí òbí lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ojú tàbí ìdúró lé e lọ́wọ́.

Màmá kò lè kọ orúkọ rẹ̀, tàbí ọkọ rẹ̀ ní kó má tọwọ́ bọ̀wé. Kí la ó ṣe?

Ẹni tí kò lè kọ̀wé á tẹ̀ka, ẹlẹ́rìí kan á sì fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wa, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹni tí a pè wọlé ní ìparí kó wá fọwọ́ sí i kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní ti ọkọ, àgbàlagbà lobìnrin, òun ló ni ara rẹ̀, òun ló ni ìfọwọ́sí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé ẹ̀dà ìwé náà lọ sílé bó bá fẹ́, kí wọ́n jọ sọ ọ́. Bó bá padà wá tó ní ọkọ òun kò gbà, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́. Bí ọkọ bá ló gbà, tí obìnrin náà sì dákẹ́ tó ń wo ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn náà.

Ṣé a máa ń sanwó fún àwọn tó kópa?

Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ yẹn, iye tí ìgbìmọ̀ ethics bá fọwọ́ sí. Bó bá pọ̀ jù, ebi ló fọwọ́ sí ìwé náà, kì í ṣe màmá. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ síwèé pé òun gbà á, kí ẹ sì fún un lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe "ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì".

Kí ló kan kóòdínétọ̀ nínú ẹran tí wọ́n gé ní tíátà?

Aago. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gé ẹran kúrò lára, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìlànà ASCO àti CAP, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ àti ti àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò ní Amẹ́ríkà, ní kó wọ inú fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, láàárín wákàtí kan, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, kó má sì kọjá wákàtí méjìléláàádọ́rin. Fọ́málìn náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi rin ín lórí.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹbí aláìsàn ló ń gbé ìgò náà lọ sí láàbù. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ san owó, ìlà á gùn, wọ́n á jẹun. Mo ti rí ẹran tó dé inú omi lásán, mo ti rí èyí tó dé nínú ọ̀rá. Bó bá bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ER, tó ń wò ó bóyá ohun tó ń gba họ́mónù wà lára jẹjẹrẹ náà, lè sọ pé kò sí, nígbà tó wà. Obìnrin tó yẹ kó máa lo tamoxifen, oògùn tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kò ní rí i lò, nítorí ìgò kan tó jókòó sí etí fèrèsé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ ra fọ́málìn àti ìgò, ẹ̀yin ni kí ẹ rán ẹni tó máa dúró ní ẹnu ọ̀nà tíátà. Aago méjì ló gbọ́dọ̀ wà lára ìgò: ìgbà tí wọ́n gé e, ìgbà tó wọ fọ́málìn. Ẹ sì máa ṣọ́ iṣẹ́ abẹ ọjọ́ Ẹtì. Ohun tó wọ fọ́málìn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ajé ló pé wákàtí méjìléláàádọ́rin. Bí Ajé bá jẹ́ ọlidé, ẹ ti pàdánù rẹ̀ àfi bí ẹ bá ti bá ẹnì kan ní láàbù sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Kí ló dé tí a kò fi lè kọ orúkọ èèyàn sára túùbù?

Ìdí àkọ́kọ́ ni àṣírí. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbẹgẹ́. Ìwé kan ṣoṣo ló so orúkọ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìwádìí, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé. Ẹ má ya fọ́tò fáìlì aláìsàn ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kódà bí PI fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ ṣe é.

Ìdí kejì ni pé orúkọ kì í dúró lójú kan lọ́dọ̀ wa. Màmá kan náà ni Rísíkátù nínú káàdì ilé ìwòsàn, ìyá Bọ́sẹ̀ ládùúgbò, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà nínú fáìlì àtijọ́, ti ọkọ rẹ̀ nínú tuntun. Ọjọ́ orí rẹ̀ lè fi ọdún mẹ́wàá yàtọ̀ láàárín ìwé méjì. Mo ti bá obìnrin méjì pàdé ní klíníìkì kan náà, lọ́jọ́ kan náà, tí orúkọ àti orúkọ bàbá wọn bára mu délẹ̀. Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta ni mo máa ń gbà: tirẹ̀, ti ọmọ rẹ̀, ti ẹni tó ń bá a dé ilé ìwòsàn.

Fún dátà, ẹ lo REDCap, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kó dátà ìwádìí pamọ́. Yunifásítì Vanderbilt ló ṣe é ní 2004, ọ̀fẹ́ ni fún ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣòwò, ó sì ń kọ orúkọ ẹni tó bá yí ohunkóhun padà sílẹ̀. Excel ló ń sọ nọ́ńbà sáńpù "3-12" di ọjọ́ inú oṣù láìbéèrè. Kódà àwọn tó ń sọ jíìnì lórúkọ lágbàáyé jọ̀wọ́ ara wọn fún un: ní 2020 ni wọ́n yí orúkọ àwọn jíìnì bíi MARCH1 àti SEPT1 padà kí Excel má baà sọ wọ́n di oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án.

Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, fírísà ń ké. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má ṣí i. Fírísà ìwọ̀n -80 tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, á pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ń ṣí i láti wò ó bóyá ó ti ń yọ́ ló ń yọ́ ọ. Ẹ pe ẹni tó ni fírísà kejì tí ẹ ti bá ṣe àdéhùn, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Bí ẹ bá ní láti yan èyí tó máa kọ́kọ́ jáde, ẹran tútù tí wọ́n fẹ́ẹ́ yọ RNA (ohun tó ń jíṣẹ́ jíìnì, tó sì tètè ń bàjẹ́) lára rẹ̀ ni, torí DNA tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀ lágbára jù ú lọ.

Ẹ kọ owó dísù, epo jẹnẹrétọ̀, sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ kìíní. Àwọn tó ń ka ìwé náà ní Amẹ́ríkà á béèrè ohun tó jẹ́. Ẹ ṣàlàyé, kí ẹ má yọ ọ́.

Báwo ni sáńpù ṣe ń kúrò ní Ìbàdàn lọ sókè òkun?

Àdéhùn MTA, ìwé tí ẹni tó ń fi sáńpù ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á jọ ń fọwọ́ sí, ló máa ń ṣáájú, ìlànà orílẹ̀-èdè ló béèrè rẹ̀. Yóò sọ iye sáńpù, ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe, ẹni tó ni ohun tó bá jáde, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tó bá ṣẹ́ kù. PI kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá fọwọ́ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Bó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, àjọ CDC, tó ń gbógun ti àrùn níbẹ̀, fẹ́ ìwé àṣẹ ìwọlé, tàbí lẹ́tà tó sọ pé kòkòrò tó ń ranni kò sí nínú rẹ̀.

Dídì rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta: túùbù, ike tí kò lè jò pẹ̀lú ohun tó lè fa omi mu, páálí líle. Ẹ lẹ àmì UN3373 mọ́ páálí fún sáńpù, UN1845 fún dry ice, ohun dídì tí a fi ń mú sáńpù tutù. Dry ice wà ní ìwọ̀n -78.5, kì í yọ́ di omi, afẹ́fẹ́ ló ń dà, nítorí náà ẹ má fi téèpù dí gbogbo ojú páálí, yóò bú. Ajé tàbí Ìṣẹ́gun la máa ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, Kọ́sítọ́ọ̀mù ni yóò bá a tọ́jú rẹ̀ di Ajé, dry ice kò sì mọ̀ pé òpin ọ̀sẹ̀ ni.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ wa lọ tà?

Ẹ má bínú sí ẹni tó bá béèrè. Láti ìgbà ètò HapMap, tó fi jíìnì àwọn èèyàn láti ibi púpọ̀ láyé wé ara wọn, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, ni ẹ̀jẹ̀ aadọ́rùn-ún ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ọgbọ̀n ìdílé, ti wà nínú láàbù káàkiri ayé pẹ̀lú àmì YRI. Onímọ̀ ní Japan lè mọ YRI kó má mọ ibi tí Ìbàdàn wà.

Ohun tí mo lè nawọ́ sí ni ti ìwádìí jẹjẹrẹ ọyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1998, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ UI tó wà ní Yunifásítì Chicago, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn jọ ń ṣe. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n yẹ jíìnì obìnrin 1,136 tó ní àrùn náà àti 997 tí kò ní in wò. Ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in ló gbé àṣìṣe nínú jíìnì tó ń fa jẹjẹrẹ ọyàn, BRCA1 nìkan jẹ́ ìdá 7. Kí ìyẹn tó jáde, ìwé àwọn òyìnbó la fi ń díwọ̀n àwọn ìyá wa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń tà á, ẹ ka MTA, ojú ìwé tó sọ nípa èrè. Bí ojú ìwé yẹn kò bá sí, ẹ má fi páálí ránṣẹ́.

Wọ́n ní owó ti dé. Kí ló dé tí a kò rí i ná?

Torí owó máa ń dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ó dé lórí ìwé, ó dé báǹkì, ó dé ọwọ́ ẹni tó máa ná an. Láti 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń kó owó àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, TSA, ní Báńkì Àpapọ̀. UI àti UCH, ti ìjọba àpapọ̀ ni méjèèjì. Ẹ bá ọ́fíìsì Búsà dọ́rẹ̀ẹ́ kí owó tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà púpọ̀, ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tó gba owó náà á ní kí ẹ ná tiyín ná, kí ẹ fi rìsíìtì béèrè. Ẹni tí kò ní rìsíìtì, ó ti fi owó ara rẹ̀ ta ìwádìí lọ́rẹ.

Iye tí NIH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni lówó ìwádìí ìlera, ń fún ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè fún iná, ọ́fíìsì àti àbójútó kò ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ lọ, wọn kì í sì í ka owó ẹ̀rọ ńlá mọ́ ọn. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín gbọ́dọ̀ wà lórí SAM.gov, ìkànnì tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń forúkọ àwọn tó ń gba owó rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ UEI, tó rọ́pò nọ́ńbà DUNS ní oṣù kẹrin 2022, ọdọọdún sì ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Orúkọ àti àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé yín mu lẹ́tà sí lẹ́tà; mo ti rí ibi tí kọ́mà kan ti dá owó dúró.

Náírà náà tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọjà, ẹni tó kọ owó oṣù ní náírà rí i pé dọ́là òun ṣẹ́ kù, ẹni tó kọ kẹ́míkà láàbù ní náírà kò rí nǹkan rà mọ́. Kí ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní owó tí ẹ máa fi rà á. Àwọn PI kan sì wà tí wọ́n máa ń fi ọdún kìíní ná owó ọdún kẹrin. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí, kóòdínétọ̀ ni wọ́n ń gbé igbá fún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà: ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2025, NIH kéde pé àwọn kò ní fúnni ní owó tuntun tí ilé ẹ̀kọ́ kan máa pín fún ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ rẹ̀ mọ́, títí àwọn yóò fi ṣètò ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú wa ń gbà jẹun. Bí ẹ bá ń kọ ìwé tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń bójú tó ètò náà ní NIH ní ìlànà tó wà lọ́jọ́ yẹn.

Bí wọ́n bá yanṣẹ́ lódì ńkọ́?

Ẹ kọ ìyanṣẹ́lódì sínú ètò yín bí ẹ ṣe ń kọ ìsinmi Kérésì. Ti ASUU ní 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ní 2022 náà, sáńpù ò mọ̀ pé wọ́n yanṣẹ́ lódì. Ẹ mọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ fírísà tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí màmá kan kò lè padà wá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ sí ètò, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Ẹnì kan ní òun kò ṣe mọ́, tàbí ó ti kú. Kí ni ká ṣe sí sáńpù rẹ̀?

Ohun tó fọwọ́ sí ló máa dáhùn. Bó bá ní òun kò ṣe mọ́, ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ṣé kí a má pè yín mọ́ ni, àbí kí a da ẹ̀jẹ̀ yín nù pẹ̀lú? Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí wọ́n ti kà tí wọ́n sì ti tẹ̀ jáde kò ṣeé gbà padà, inú ìwé ìyọ̀ǹda ló sì ti yẹ kó ti gbọ́ ìyẹn.

Bí aláìsàn nínú ìwádìí oògùn bá kú tàbí tó wọ ilé ìwòsàn lójijì, ẹ sọ fún onígbọ̀wọ́, ìyẹn ilé iṣẹ́ tàbí àjọ tó gbé ìwádìí náà kalẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, kódà bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìyẹn ni onígbọ̀wọ́ ní ọjọ́ méje láti sọ ti ikú tí oògùn lè fà láìròtẹ́lẹ̀ fún àwọn aláṣẹ. Ẹ tún pe ẹbí. Ìwé kankan kò pàṣẹ ìyẹn.

Láàbù rí àṣìṣe BRCA1 nínú ẹ̀jẹ̀ màmá kan. Ta ló máa sọ fún un?

Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe lórí fóònù. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé, ṣé ó ní òun fẹ́ mọ̀? Ó yẹ kí ibi tó ti máa fa igi sí i wà nínú ìwé ìyọ̀ǹda, pẹ̀lú ìbéèrè kejì: bí n kò bá sí mọ́, ta ni kí ẹ sọ fún? Bí ìwé yín kò bá béèrè, ẹ padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ethics kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Bó bá fẹ́ mọ̀, láàbù tó ń ṣe àyẹ̀wò fún ìtọ́jú gbọ́dọ̀ tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tuntun. Túùbù ìwádìí lè ti yí nọ́ńbà, ẹ kò sì fẹ́ kó jẹ́ ọmú ẹlòmíràn ni wọ́n máa gé. Ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ jíìnì ló máa jókòó tì í.

Ibi tó le ni ti ẹbí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ànfààní láti jogún rẹ̀, ọkùnrin náà lè gbé e kó sì fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ríbi ṣe àyẹ̀wò lọ́la; àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń múra ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Màmá lè ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí àwọn PI tó jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú. Tèmi ni pé àṣírí rẹ̀ ni, òun ló máa tú u, iṣẹ́ wa sì ni láti kọ lẹ́tà kan tó rọrùn tó lè fà lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣe tán.

Ṣé orúkọ kóòdínétọ̀ yẹ kó wà nínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá tẹ̀ jáde?

Ìlànà ICMJE, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú ìwé ìṣègùn lágbàáyé, fẹ́ ohun mẹ́rin: kí ẹ kó ipa gidi nínú ète rẹ̀ tàbí nínú dátà, kí ẹ bá wọn kọ ọ́ tàbí kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ fọwọ́ sí èyí tó máa jáde, kí ẹ gbà láti dáhùn fún un. Púpọ̀ nínú wa ń ṣe àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì pè wá sí èkejì. Ẹ béèrè nígbà tí wọ́n bá ń kọ ètò, kì í ṣe nígbà tí ìwé bá ti wà lọ́dọ̀ olóòtú.

Owó ti tán, ètò ti parí. Kí ni kí n ṣe sí fírísà?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé ìyọ̀ǹda ṣèlérí: ọdún mélòó, fún ìwádìí irú wo. Ẹ kọ ìròyìn ìparí fún ìgbìmọ̀ ethics, kí ẹ sì béèrè fún àṣẹ láti máa tọ́jú sáńpù tó kù. Ìwé owó Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìròyìn owó tó kẹ́yìn. Ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹ̀ka tó máa gbà á ní ìwé, tí orúkọ ẹnì kan pàtó wà níbẹ̀, torí "ẹ̀ka" kì í ra dísù.

Lára àwọn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kà fún èsì 2018 yẹn, àwọn kan ti wà nípamọ́ láti 1998. Ẹni tó kọ nọ́ńbà sí wọn lára lè ti fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ àwòrán inú fírísà náà sórí ìwé, pẹpẹ dé pẹpẹ, àpótí dé àpótí, kí ẹ fi ọ̀kan sínú fáìlì, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí PI, kí ẹ fi ike bo ẹ̀kẹta, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fírísà níbi tí ojú ti lè rí i láìṣí ilẹ̀kùn.